Alhaja Tí Mo Sọ Di Áńgẹ́lì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú sùúrù. Mi ò kàwé púpọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni mo ti kọ́ bí a ti ń kọ Yorùbá, nílé lọ́hùn-ún ní Ṣakí, kí n tó bá ọkọ mi wá sí Abidjan. Bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Irọ́ kan ń bẹ lọ́rùn mi tó ti pẹ́. Mo ti gbà pé n ó gbé e wọ sàréè ni. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹni tó lè já mi nírọ́ ti kú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, Prisca ọmọ-ọmọ mi fẹ́ gbé ohun tó ń bọ́ òun àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí irọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Màmá Ẹ̀rí ni wọ́n ń pè mí nínú ìjọ wa. Ó ti pẹ́ débi pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ò mọ orúkọ mi mìíràn. Ẹ̀rí kan tí mo jẹ́ lọ́jọ́ kan ló sọ mí lórúkọ. Ẹ̀rí náà kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mo ń kiri kànrìnkàn àti ṣíbí lórí àtẹ ní ọjà Roxy, ní Adjamé nínú Abidjan níbí. Mo ń gbé nínú agboolé kan tí àwa Ànàgó, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbí, pọ̀ sí. Alhaja kan láti Ìgbòho ló wà nínú yàrá tó kọjú sí tèmi. Òun ló ní ìsọ̀ ìkòkò tó tóbi jù ní ìlà tiwọn: ìkòkò, abọ́, omorogùn, gbogbo rẹ̀. Mùsùlùmí ni, Kìrìsìtẹ́nì ni mí, a jọ ń dáná lójú kan náà. Ó fẹ́ràn àwàdà. Bí mo bá ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì nídìí ààrò, á ní, "Ìyá Kìrìsìtẹ́nì, bí o bá ń polówó kànrìnkàn bí o ti ń pariwo Halelúyà yìí, o ò bá ti kọ́lé!"

Nígbà náà, pásítọ̀ wa ń kọ́ wa pé Ọlọ́run kì í fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú òṣì. Ó ní bí ìgbàlà bá wọ ilé èèyàn lóòótọ́, àwọn aládùúgbò á rí i lára onílé. Ó ní kí kálukú mú ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ rẹ̀ wá, kó fi ṣe irúgbìn. Èmi tí mo fi okùn so bàtà mi pọ̀, mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń rò ó pé ṣé ìgbàlà tèmi kò tíì pé ni. Èmi náà mú yẹtí wá, tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí wúrà tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. N ó padà sórí yẹtí yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni orúnkún Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ó ní òun ń padà sílé pátápátá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kàwé Faransé, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe, wọn ò fẹ́ ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè má mọ̀ ọ́n: láàárín àwa ará Òkè-Ògùn tí à ń tajà níbí, ẹni tó bá ń lọ sílé kì í ta ìsọ̀ rẹ̀ fún àjèjì. Á wo ẹnì kan, á fi í jókòó síbẹ̀. Orúkọ ẹni tó lọ kì í kúrò nídìí ìsọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á máa pe ẹni tó jókòó, títí òun náà yóò fi fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Èmi ni Alhaja wò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé, aṣọ funfun ló wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sí mi.

Mo ní, "Alhaja, kí ni n ó san?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibì kan jókòó sí. "Kí lo ní? Kànrìnkàn? Ara mi mọ́ o, má fi da ara rẹ láàmú." Ó wá fi kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́. "Orúkọ mi ni kí o máa dá. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló fi ọ́ síbí, kí o dárúkọ mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni n ó ṣe. Mo sunkún. Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́.

Nígbà tó yá, tí Alhaja ti lọ sílé, mo dìde nínú ìjọ láti jẹ́rìí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò gbèrò irọ́ kankan nílé. Alhaja ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti gba gbohùngbohùn, mo wo ojú àwọn èèyàn. Nínú ìjọ wa, ẹ̀rí tó bá ti ní èèyàn nínú, wọn kì í pàtẹ́wọ́ sí i tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n òun ló gba òun lọ́wọ́ onílé, "Àmín" wẹ́rẹ́ báyìí ni. Ẹni tó bá ní òun jí, òun bá nǹkan lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé á dìde. Èèyàn tèmi tún wá jẹ́ Alhaja. Mo rò ó pé báwo ni n ó ti dúró níwájú pẹpẹ kí n ní Mùsùlùmí ni Ọlọ́run fi gbọ́ àdúrà mi.

Mo ní, "Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun wá bá mi. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ní kí n lọ ṣí ìsọ̀ ìkòkò, pé tèmi ni."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Áńgẹ́lì ni!"

Pásítọ̀ bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ mọ obìnrin náà rí?"

Mo ní, "Rárá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn. Rárá. Kò gùn. Èmi ò pè é ní áńgẹ́lì. Ìjọ ló pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kì í ṣe áńgẹ́lì. Wọ́n gbé mi sókè lọ́jọ́ náà, wọ́n jó yí mi ká. Láti ìgbà náà, àga iwájú ni mò ń jókòó sí.

Ọjà náà tà. Mo mọ ọjà tà, ẹ má rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wọ léèsì, mo wọ bàtà gidi. Pásítọ̀ á nàka sí mi láàárín ìwàásù, á ní, "Ẹ wo ẹni tí ìgbàlà wọlé rẹ̀!" Léèsì mi ni wọ́n á máa wò.

Ìṣòro tó kù ni orúkọ. Àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ Jùlá, àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò ibí, ń pè mí ní Aja-den, ìyẹn ọmọ Alhaja. Àwọn ará ìjọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra ìkòkò lọ́wọ́ mi. Mo bẹ àwọn Jùlá pé kí wọ́n yé pè mí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan nínú wọn wò mí títí, kò sì wá rajà lọ́dọ̀ mi mọ́. Lẹ́yìn náà mo pe kunlékunlé, mo ní kó pa "Chez Alhaja", ìyẹn ọ̀dọ̀ Alhaja, tó wà lókè ìsọ̀ rẹ́, kó kọ "Miracle de Dieu", iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run, síbẹ̀. Bí ó ti ń kùn ún, mo ń ka abọ́. Mi ò gbójú sókè.

Alhaja máa ń pè mí lórí fóònù láti Ìgbòho. Ìpè tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ti tinrín. Ó ní, "Ìyá Kìrìsìtẹ́nì, ṣé wọ́n ṣì ń dárúkọ mi ní Roxy?"

Mo ní, "Ojoojúmọ́ ni, Alhaja."

Ó ní, "Alihamdulilahi." Ó tún ní, "O ṣé o, ọmọ mi."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ fún mi pé ó ti kú.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Bí ó bá parí síbẹ̀, bóyá mi ò ní kọ̀wé sí yín. Ẹnì kan ló wà tí mo tún ṣẹ̀, tí ó ṣì wà láàyè.

Ìyá Káyọ̀ ni. Aránṣọ ni, ọmọ Ṣakí bíi tèmi; ẹ̀yìn tí Alhaja lọ sílé ló kó wá sínú agboolé wa, kò mọ Alhaja rí, ìjọ kan náà la sì jọ ń lọ. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí ó máa ń nù bí ẹni ń nu ọmọ. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀rí mi, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ẹ̀rọ náà rù, ó gbé e lọ sí iwájú pẹpẹ. Ó padà wálé lọ́wọ́ òfo, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ní obìnrin mi wá, nítorí náà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Káyọ̀ á wẹ̀, á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó ń ti mọ́sálásí bọ̀ á máa kọjá nínú aṣọ funfun wọn, òun á máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi á máa wò ó láti yàrá mi. Àwọn tó ń gbé aṣọ fún un lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn. Onílé bèèrè owó ilé títí, ó sú onílé. Káyọ̀ kúrò nílé ìwé.

Nígbà tó fẹ́ wọ mọ́tò padà sí Ṣakí, ó wá dágbére fún mi. Kò bínú. Ó rọra bi mí pé, "Màmá Ẹ̀rí, obìnrin yẹn, ọwọ́ wo ló fi na kọ́kọ́rọ́ sí yín?"

Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún."

Ó mi orí. Ó ní, "Bóyá èmi ò fi ọkàn kan ṣe tèmi ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí kí n tó sọ èsì tí mo fún un. Mo lè sọ òtítọ́ nígbà náà. Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Bóyá."

Ó fi ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé. Pé òun lòun ò mọ bí wọ́n ti ń fún Ọlọ́run ní nǹkan.

Mo ti darúgbó báyìí. Ọjà ti sú mi, mo ti fi ìsọ̀ náà sílẹ̀, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò mọ Alhaja, tí kò mọ̀ mí. Ọ̀dọ̀ Prisca ni mò ń gbé ní Yopougon. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Zone, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, ó ń dì í sínú páálí láti òwúrọ̀ dé alẹ́, títí ó fi lè ra fírísà ńlá kan, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní congélateur. Ẹja ló ń tà. Á lọ sí Port-Bouët létí òkun láàárọ̀, á kó ẹja wá, á dì í sínú yìnyín. Ohun tí à ń jẹ nìyẹn. Bàbá ọmọ rẹ̀ ò sí nídìí ọ̀rọ̀.

Ìjọ wa ti fẹ́ ṣí ilé tuntun. Pásítọ̀ ní kí n wá tún ẹ̀rí yẹn jẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, kí ọkàn wọn lè gbóná láti fi nǹkan sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Prisca ni wọ́n ní kó máa túmọ̀ mi sí Faransé. Èmi á sọ gbólóhùn kan, òun á sọ tirẹ̀. Bó ti ń bá a lọ, mo rí i pé tirẹ̀ ń gùn ju tèmi lọ. Ó fi ìmọ́lẹ̀ sí i. Ó ní ojú obìnrin náà ń dán. Ẹnu ọmọ mi ni irọ́ mi ti wá ń jáde, ó sì dára létí ju tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó ń fọ ẹja, ó ní, "Mémé, mo ti décider. Congélateur mi, Dieu ni mo máa fún. Dimanche yìí." Mémé ló ń pe èmi ìyá àgbà rẹ̀; ó ní òun ti pinnu, Ọlọ́run lòun máa fún ní fírísà òun lọ́jọ́ Ìsinmi.

Mo ní, "Kí lo máa fi ta ẹja?"

"Ah, Mémé, toi aussi, ìwọ náà! Kí lo fi ta ìkòkò nígbà yẹn? Ṣebí áńgẹ́lì ló wá."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹja á bàjẹ́ o."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń pe ọmọ rẹ̀, "Viens voir, wá wò ó! Màmá Ẹ̀rí ló ń bẹ̀rù nítorí ẹja!"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Irọ́ kì í ṣe ẹrù tó wúwo lọ́jọ́ tí èèyàn gbé e. Gbígbé e kiri ló ń rẹni.

Mo ní n ó padà sórí yẹtí. Yẹtí tí mo fi sínú igbá ọrẹ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti ìyá mi. Mo ra irú rẹ̀ ní Adjamé, bàbà tí wọ́n kàn fi omi wúrà kùn lára. Ti ìyá mi wà nínú àpótí mi. Mo rò ó bí ọlọ́jà ni: bí Ọlọ́run bá fẹ́ fún mi, á fún mi; bí kò bá fún mi, yẹtí ìyá mi ṣì wà. Nítorí náà, mi ò gbin irúgbìn kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé irúgbìn ló hù fún Màmá Ẹ̀rí, ẹ sọ fún un pé Màmá Ẹ̀rí fúnra rẹ̀ ní kò sí ohun tó bọ́ sílẹ̀. Ìwà rere obìnrin kan ni mo jẹ.

Mi ò kọ Ọlọ́run sílẹ̀ o. Ẹ má gbọ́ mi lódì. Mo gbà pé òun ló rán Alhaja sí mi. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ẹ̀rí náà ì bá tó. Nínú ìjọ wa, wọ́n ní irú Alhaja kò ní ìgbàlà. Mi ò kàwé débi tí n ó fi dá wọn lóhùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú àwa méjèèjì, òun ló fúnni láìgba nǹkan kan, èmi tí mo wọ léèsì níwájú ni mo purọ́.

Mo ti ta yẹtí ìyá mi lọ́sẹ̀ yìí. Mo fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wà lábẹ́ tábìlì níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, mo fi aṣọ bò ó. Ọkọ̀ tó ń lọ Ṣakí lè gbé e fún Ìyá Káyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè lọ láìsí ọ̀rọ̀. Bí mo bá fi ránṣẹ́ lásán, á tún rò pé obìnrin aláṣọ funfun ló dé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni n ó ti sọ fún un? Ṣé kí n pè é lórí fóònù ni, àbí kí n bá ẹ̀rọ náà wọ mọ́tò, pẹ̀lú ara tó ti gbó yìí?

Ìbéèrè kejì ni ti ìjọ. Ṣé kí n gba gbohùngbohùn níbi tí mo ti purọ́, kí n sọ òótọ́ níbẹ̀? Pásítọ̀ ti darúgbó, kò mọ̀ pé mo purọ́ fún òun. Àwọn kan lè tìtorí mi kúrò nínú ìgbàgbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ jù mí lọ, ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Ìsinmi.

Ti Prisca nìkan ni mi ò ní bi yín. Bí mo ti ń kọ èyí, mo rí i pé ojo ni mo tún ṣe. Èdè tí kò lè kà ni mo fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ. Lónìí, bó bá ti Port-Bouët dé, tó sì ti kó ẹja sínú fírísà tán, n ó ní kó jókòó, n ó ka ìwé yìí sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. N ó ní kó má túmọ̀ rẹ̀. Kó kàn gbọ́.

Bó bá sì bi mí pé ta ló fi mí sí ìdí ìsọ̀ yẹn, èsì mi rèé, ẹ̀yin náà ẹ bá mi gbọ́ ọ. Múlíkátù ni orúkọ rẹ̀. Ìgbòho ni wọ́n bí i sí. Ìkòkò ló ń tà ní Roxy. Òun ló fún mi. Ọmọ rẹ̀ ni mí.